Edgar Codd àti ìwé àwìn ìyá mi

Ìyá mi ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Alákijà. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, wọ́n ní kí n gbé ìwé àwìn wọn sórí kọ̀ǹpútà. Mo da gbogbo rẹ̀ kọ bó ṣe wà. Mi ò mọ̀ pé Ìyá Ìbejì méjì ló ń rajà lọ́dọ̀ wa. Èyí tó ti sanwó ni mo pè, tí mo sin lówó. Inú bí wọn, wọn ò sì yà ní ṣọ́ọ̀bù wa mọ́. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ Edgar Codd, tí wọ́n ti kọ́ wa ní kíláàsì, ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi.

Erékùṣù Portland nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí Codd sí, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún 1923. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò àti kẹ́mísírì ní Oxford, ó sì wa ọkọ̀ òfurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lẹ́yìn ogun, ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó ń bá IBM ṣiṣẹ́. Nígbà tí Sẹ́nétọ̀ McCarthy ń fẹ̀sùn kan àwọn èèyàn kiri pé kọ́múníìsì ni wọ́n, inú bí Codd, ó kó lọ sí Kánádà ní 1953. Ó padà lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó sì ti lé ní ogójì ọdún kó tó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Michigan ní 1965.

Ní 1970, ó tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde. Ṣáájú rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ wá nǹkan nínú database gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe tò ó sínú ẹ̀rọ. Codd ní kí a to dátà sínú àtẹ, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tí kò bá òmíràn dọ́gba, kí a sì fi kọ́kọ́rọ́ yẹn so àtẹ kan mọ́ èkejì. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé normalization, kí a má baà máa kọ ọ̀rọ̀ kan náà síbi púpọ̀.

IBM ò tètè tẹ̀ lé e, torí pé IMS, database wọn àtijọ́, ń pa owó wọlé. Chamberlin àti Boyce, òṣìṣẹ́ IBM bíi tirẹ̀, ló ti inú èrò rẹ̀ ṣe èdè tó di SQL. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Oracle lónìí ti gbé tirẹ̀ sọ́jà ní 1979, kí IBM tó gbé tiwọn jáde ní 1981. Ọdún 1981 náà ni Codd gba ẹ̀bùn Turing. Ó kú ní Florida ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2003, lẹ́ni ọdún 79.

Mo tún ìwé ìyá mi tò sí àtẹ méjì: oníbàárà àti àwìn. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà yẹn ló sì wà nínú àtẹ àwìn, kì í ṣe orúkọ. Mo lọ bẹ Ìyá Ìbejì nílé. Wọ́n ti ń bá wa rajà padà, ṣùgbọ́n owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń san. Wọn ò gbà kí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin àbúrò wa tó ń ka normalization torí ìdánwò nìkan, ẹ rántí pé èèyàn ló wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan.