Michałowski àti Ògiri Faras

Ǹjẹ́ o mọ Kazimierz Michałowski? Awalẹ̀pìtàn ọmọ Pólándì ni. 1901 ni wọ́n bí i. Ní 1961, ó lọ sí Faras ní Sùdáánì, torí omi tí wọ́n fẹ́ sé ní Aswan yóò bo ìlú náà. Lábẹ́ iyanrìn, ó bá ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan tí àwòrán kún ògiri rẹ̀.

Àwọn ará Núbíà àtijọ́ ti rẹ́ ògiri bo àwòrán, wọ́n tún ya òmíràn lé e. Bí o bá fẹ́ rí ti ìsàlẹ̀, àfi kí o kọ́kọ́ ṣí ti òkè. Omi sì ń bọ̀! Wọ́n fi ìda gbígbóná lẹ bébà mọ́ àwòrán, wọ́n rọra gé e kúrò. Èyí tó lé ní 100 ni wọ́n yọ. Apá kan wà ní Khartoum, apá kan ní Warsaw, níbi tí Michałowski kú sí ní 1981.