Thomas Hobbes, ẹni tí ìbẹ̀rù kọ́ lọ́gbọ́n

Ẹ̀yin ará wa, bí kò bá sí ọba, tí kò sí adájọ́, kí ni kò ní jẹ́ kí alágbára gba oko wa? Ìbéèrè tí Thomas Hobbes fi ayé rẹ̀ rò nìyẹn.

Ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1588 ni wọ́n bí i, nítòsí Malmesbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ìròyìn pé ọkọ̀ ogun Sípéènì ń bọ̀ ti kó jìnnìjìnnì bá gbogbo èèyàn. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ àlùfáà, jà, ó sì sá lọ. Arákùnrin bàbá rẹ̀ ló rán an níléèwé, títí dé Oxford.

Ó di olùkọ́ nílé àwọn ọlọ́lá Cavendish. Ní 1640, tí ìjà ọba àtàwọn aṣòfin ń gbóná, ó sá lọ Paris, ó sì lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀. Ní 1649, wọ́n bẹ́ ọba Charles lórí. Ní 1651, Hobbes gbé ìwé Leviathan jáde.

Ó ní níbi tí kò sí aláṣẹ, olúkúlùkù á máa bẹ̀rù ẹnìkejì rẹ̀. Torí náà làwọn èèyàn ṣe fohùn ṣọ̀kan, tí wọ́n gbé agbára lé aláṣẹ lọ́wọ́, kó lè dáàbò bò wọ́n. Inú bí àwọn èèyàn ọba, torí ó fi hàn pé àdéhùn ará ìlú ni agbára ọba ti wá. Inú bí àwọn àlùfáà náà.

Ó kú ní 1679, lẹ́ni ọdún 91. Ní 1683, Oxford dáná sun ìwé rẹ̀.

Ẹni tógun ti tú ìlú rẹ̀ rí yóò mọ ohun tó ba Hobbes lẹ́rù. Ṣùgbọ́n bí aláṣẹ náà bá ṣìkà ńkọ́, ta ni yóò bi í? Hobbes ní Ọlọ́run nìkan ni. Ibẹ̀ làwa ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.