Howard Hughes: Ọlọ́rọ̀ Tí Kò Ní Ènìyàn

Àwọn baba wa a máa wí pé ènìyàn ni aṣọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ tó, ẹ fetí sí ìtàn ọkùnrin kan tí ó ní ohun gbogbo tí owó lè rà, ṣùgbọ́n tí ó bọ́ aṣọ yìí kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Texas, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a bí Howard Hughes ní ọdún 1905. Bàbá rẹ̀ ń ṣe irin tí a fi ń lu àpáta láti wa epo rọ̀bì, owó ńlá sì ti ibẹ̀ wá. Ìyá rẹ̀ kú ní 1922, bàbá rẹ̀ sì tẹ̀lé e ní 1924. Báyìí ni ọmọ ọdún 18 di ọmọ òrukàn àti olówó lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ṣe sinimá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú ni ọkàn rẹ̀ fẹ́ jù lọ. Ní 1935, ó fi ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ mú kí a kọ́ sáré máìlì 352 ní wákàtí kan. Ní 1938, òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn gbéra láti New York, wọ́n yí ayé ká, wọ́n sì padà ní ọjọ́ 3 àti wákàtí 19. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn kún ìgboro láti yìn ín. Kò pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú TWA fi bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀.

Ní oṣù Keje 1946, ọkọ̀ ológun kan tí ó ń dán wò já lé àwọn ilé ní Beverly Hills. Ó yè é, ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n fún un nítorí ìrora di ẹ̀wọ̀n fún un. Ìbẹ̀rù kòkòrò àrùn tún gbà á lọ́kàn, tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fi ọwọ́ lásán kan nǹkan. Ní 1966, ó wọ hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Las Vegas. Nígbà tí àwọn olóhun ní kí ó jáde, ó ra hòtẹ́ẹ̀lì náà! Ó sé ara rẹ̀ mọ́ yàrá níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, àwọn tí ó ń san owó fún nìkan ni ó sì ń rí i. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin 1976, ó kú nínú ọkọ̀ òfurufú tí ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Houston. Ara rẹ̀ kò ju nǹkan bí 90 pọ́n-ùn lọ. Ẹni tí gbogbo ayé ti hó yẹ̀ẹ̀ fún, àmì ìka ọwọ́ rẹ̀ ni ìjọba fi dá a mọ̀. Kò bímọ, kò fi ìwé ìhágún tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ sílẹ̀, ẹjọ́ ogún rẹ̀ sì falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn tí ó dá sílẹ̀ ní 1953 ṣì ń ṣiṣẹ́ fún ìwòsàn àwọn ẹlòmíràn títí di òní.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a dá a lẹ́jọ́. Aláìsàn ni, Ọlọ́run nìkan ni ó sì mọ ọkàn. Ìbéèrè tiwa ni pé: ta ni ó lè kan ilẹ̀kùn wa, kí ó sì sọ òtítọ́ fún wa láìgba owó? Ẹ̀yin ará Satellite Town, Festac àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ọgbà wa ga, géètì wa sì le. Ẹ̀yìn irú géètì bẹ́ẹ̀ ni bàbá tàbí ìyá arúgbó kan lè wà, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀ wò.

Lẹ́yìn Mísà òní, ẹ wo ìjókòó tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ta ni ó máa ń jókòó níbẹ̀ tí a kò rí mọ́? Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Bí ó bá ń ṣàìsàn, ẹ tètè wá sọ fún àlùfáà, kí a lè gbé Ara Kristi lọ bá a. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a fi ènìyàn pààrọ̀ ọrọ̀. Àmín.