Alec Issigonis, Ẹni tí Ó Ṣe Ọkọ̀ Morris Minor

Ní ọdún 1906 ni a bí Alec Issigonis ní ìlú Smyrna, èyí tí a ń pè ní Izmir ní ilẹ̀ Tọ́kì lónìí. Ogun lé òun àti àwọn òbí rẹ̀ kúrò níbẹ̀ ní 1922. Baba rẹ̀ kú ní Malta. Òun àti ìyá rẹ̀ sì lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó kùnà nínú ìdánwò ìṣirò, ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀.

Ní 1936, ó wọ ilé-iṣẹ́ Morris. Ní 1948, Morris Minor tí ó ṣe jáde. Ọ̀pá irin gígùn méjì wà lábẹ́ rẹ̀, tí ń lọ́ nígbà tí gegele bá ti ẹsẹ̀ iwájú sókè, tí ó sì ń tú padà. Ní ilẹ̀ wa, a fi ṣe takisí ní Ìbàdàn àti Èkó.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń fẹ́ ìtọ́jú. Bí oríkèé ìsàlẹ̀ kò bá rí gírísì, yóò jẹ, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò sì yẹ̀ lójú ọ̀nà. Mẹkáníìkì tí yóò pààrọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Kí ó gbé ọkọ̀ lé orí ìtì irin tí ó dúró gbọn-in, kí ó sì kọ́kọ́ dẹ ọ̀pá tí ó lọ́ náà, kí ó má baà ta á pa.

Issigonis kú ní 1988. Morris Minor ni ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí iye rẹ̀ pé àádọ́ta ọ̀kẹ́.