Àjàyí Crowther: Ọkùnrin Tó Ń Tún Ìwé Ara Rẹ̀ Ṣe

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má bínú pé bíṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí lónìí. Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ bí wọ́n bá ti dárúkọ Samuel Àjàyí Crowther: òun ló fi Èṣù ṣe Sàtánì. A ó débẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ́.

Òṣoògùn ni wọ́n ti bí i, ní nǹkan bí 1809. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Àjàyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ Yorùbá, ẹ fi sọ́kàn: ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé là ń pè bẹ́ẹ̀. Ní 1821 ogun kó ìlú wọn. Wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí ní oṣù Kẹrin 1822. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá wọn dúró, ó kó wọn lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti ṣe ìrìbọmi ní 1825. Nígbà tó fi pàdé ìyá rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní 1846, ó ti tó ọdún 25 tí wọ́n ti fojú kan ara wọn gbẹ̀yìn.

Iṣẹ́ ìwé rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn díẹ̀ ti kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sílẹ̀ ṣáájú ẹ̀, John Raban wà lára wọn, àmọ́ kò tó nǹkan. Bí o bá fẹ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan, o gbọ́dọ̀ dá a yàn, o ò sì ní mọ̀ bóyá o yàn án ire títí àwọn tó ni èdè á fi gbọ́ ọ. Ní 1843 ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹlòmíì ìbá jókòó ti oyè. Ṣùgbọ́n Sàró ló ti kó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jọ, láàárín àwọn tí ogun kó wá láti ìlú oríṣiríṣi, tí ẹnu wọn ò dọ́gba. Nígbà tó padà sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sí àwọn àgbà. Ní 1852 ó tẹ òmíràn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, àkọtọ́ rẹ̀ sì ti yí padà. Ní 1875 àwọn míṣọ́nnárì pàdé l'Ékòó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, òun náà wà níbẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó ti di bíṣọ́ọ̀bù láti 1864, tó tún ń bá wọn ro ọ̀rọ̀ álífábẹ́ẹ̀tì! Ẹ, ọ àti ṣ tẹ́ ẹ ń wá kiri lórí fóònù yín wà lára ohun tí wọ́n fọwọ́ sí.

Ó dáa, Èṣù wá ńkọ́? Mi ò ní gbèjà ẹ̀ níbẹ̀ o. Èṣù tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, tó ń ṣọ́ oríta, kò ní nǹkan án ṣe pẹ̀lú bìlísì. Ọ̀rọ̀ náà wọ Bíbélì Yorùbá, kò sì jáde mọ́. Lóòótọ́, kì í ṣe òun nìkan ló túmọ̀, Thomas King ràn án lọ́wọ́, àwọn mìíràn náà sì ṣe níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó tún àkọtọ́ ṣe léraléra kò tún èyí ṣe. Èrò tèmi ni pé àwọn tó lè sọ fún un kò sí níbi tí wọ́n ti ń dá a yàn. A kì í pe olórìṣà síbi ìtumọ̀ Bíbélì. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, mo ṣì ń pàdé ọmọ Yorùbá tí kò jẹ́ dárúkọ Èṣù nínú ilé ẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ ló dùn mí jù. Ó ti fi àwọn ará Sàró sí àwọn ibùdó lẹ́bàá odò Ọya. Àwọn kan ṣe dáadáa, ìwà àwọn mìíràn kò dáa. Ọ̀nà tirẹ̀ ni kó bá wọn wí, kó sì fún wọn láyè láti tún ara wọn ṣe. Wọ́n ní sùúrù rẹ̀ ti pọ̀ jù, bóyá òótọ́ ni. Ní 1890 àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n lé púpọ̀ nínú wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọn ò sì ka ọ̀rọ̀ arúgbó náà sí. Ó fi ìgbìmọ̀ tí wọ́n jọ wà sílẹ̀. Ó kú l'Ékòó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.