Leon Theremin, ọkùnrin tó yọ orin jáde láti inú afẹ́fẹ́

Bí ẹnìkan bá sọ pé òun rí ẹni tó ń ta ohun èlò orin láìfọwọ́ kàn án rárá, ọ̀pọ̀ àgbà ilé wa ni yóò sọ pé oògùn wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe oògùn o, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. Ẹni tó gbé e kalẹ̀ ni Lev Sergeyevich Termen, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Leon Theremin. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ fi iná mànàmáná kọrin, a kò lè fo orúkọ rẹ̀ dá.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 1896 ni wọ́n bí i sí ìlú St. Petersburg. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn nǹkan méjì: iná mànàmáná àti orin. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta sẹ́lò, ìyẹn gòjé ńlá tí àwọn òyìnbó máa ń gbé sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní yunifásítì, ó sì tún kọ́ṣẹ́ rédíò lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Nígbà tí àwọn Kọ́múníìsì gbàjọba lọ́dún 1917, iṣẹ́ rédíò yìí náà ló ń bá wọn ṣe.

Lọ́dún 1920, ó wà ní ilé ìwádìí tí Abram Ioffe jẹ́ ọ̀gá fún ní Petrograd, ó ń ṣe ẹ̀rọ kan tí wọn yóò fi máa yẹ gáàsì wò. Ibẹ̀ ló ti ṣàkíyèsí pé bí òun bá ti mú ọwọ́ sún mọ́ ẹ̀rọ náà, ohùn tó ń jáde níbẹ̀ a máa yí padà. Ẹlòmíràn ì bá kà á sí àléébù ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ta sẹ́lò rí mọ̀ pé orin ni òun ń gbọ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Nínú àpótí náà, ohun méjì ló ń mú ìgbì rédíò jáde, etí ènìyàn kò sì lè gbọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Bí ọwọ́ bá sún mọ́ irin gbọọrọ tó nà sókè lára àpótí bí éríà rédíò, ọ̀kan nínú ìgbì méjèèjì yóò yí padà díẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni etí wa ń gbọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń gbé ohùn sókè sódò, ọwọ́ òsì tó wà lókè irin kejì ló sì ń mú un rinlẹ̀ tàbí kó dún kíkankíkan. Ẹni tó bá mọ bí onígángan ṣe ń fi ọṣán fa ohùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè yóò tètè lóye rẹ̀. Àmọ́ onígángan ní awọ àti ọṣán tí ọwọ́ rẹ̀ ń bà. Afẹ́fẹ́ lásán ni Theremin ń fọwọ́ wá ohùn nínú rẹ̀.

Lọ́dún 1922, wọ́n pè é kó wá fi han Lenin, olórí ìjọba. Inú Lenin dùn sí i, òun fúnra rẹ̀ sì dán an wò. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń rán Theremin kiri kí ayé lè rí ọgbọ́n Rọ́ṣíà. Lọ́dún 1927, ó dé Jámánì, Lọ́ńdọ̀nù àti Paris, kó tó gúnlẹ̀ sí New York ní ìparí ọdún náà. Iléeṣẹ́ RCA ra ẹ̀tọ́ láti máa ṣe ẹ̀rọ náà tà. Bíi 500 ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti ta, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà sì dojú dé lọ́dún 1929. Ọjà kò yá.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta jù lọ ni Clara Rockmore, ọmọbìnrin tó ti ń ta fáyólìn tẹ́lẹ̀. Theremin fẹ́ kó di aya òun, ṣùgbọ́n ọkọ mìíràn ni obìnrin náà fẹ́. Nígbà tó yá, ó fẹ́ Lavinia Williams, oníjó tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Lásìkò náà, ìgbéyàwó dúdú àti funfun jẹ́ ẹ̀gbin lójú ọ̀pọ̀ òyìnbó, àwọn kan lára ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì kẹ̀yìn sí i.

Gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 1938, ó wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí Rọ́ṣíà láìmú Lavinia lọ́wọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn kan gbà pé ńṣe ni wọ́n jí i gbé, ṣùgbọ́n ohun tó hàn lẹ́yìn náà ni pé òun fúnra rẹ̀ ló lọ. Tọkọtaya náà kò fojú kan ara wọn mọ́.

Àwọn àgbà ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Ilé tí Theremin bọ̀ kò fún un nísinmi. Lábẹ́ ìjọba Stalin, wọ́n mú un lọ́dún 1939, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́jọ, wọ́n sì kó o lọ sí Kolyma, níbi tí òtútù àti iṣẹ́ àṣekára ti ń pa àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Ohun tó yọ ọ́ níbẹ̀ ni ọgbọ́n orí rẹ̀: wọ́n gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba.

Níbẹ̀ ló ti ṣe ẹ̀rọ olófòófó kan. Lọ́dún 1945, àwọn ọmọ iléèwé Soviet fún aṣojú Amẹ́ríkà ní Moscow, Averell Harriman, ní òǹtẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà tí wọ́n fi igi gbẹ́. Ẹ̀rọ náà wà nínú igi ọ̀hún, kò ní bátìrì, kò sì ní wáyà. Bí àwọn amí bá ti darí ìgbì rédíò sí i láti ìta, yóò jí, yóò sì máa gbé ọ̀rọ̀ inú ilé jáde fún wọn. Ọdún 1952 ni àwọn Amẹ́ríkà tó rí i. Ìjọba tó jù ú sẹ́wọ̀n náà ló tún fún un ní ẹ̀bùn Stalin lọ́dún 1947. Ọdún yẹn náà ni wọ́n tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ amí ló ṣì ń bá wọn ṣe.

Lẹ́yìn èyí, ó rí iṣẹ́ sí iléèwé orin ńlá Moscow. Lọ́dún 1967, akọ̀ròyìn Amẹ́ríkà kan bá a níbẹ̀, ó sì gbé ìròyìn rẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ tó rò pé ó ti kú ló yà lẹ́nu. Dípò kí àwọn ọ̀gá iléèwé náà yọ̀, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì da àwọn ohun èlò rẹ̀ nù.

Ṣùgbọ́n irúgbìn rẹ̀ ti hù lókèèrè. Ní Amẹ́ríkà, Robert Moog bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe theremin nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, kó tó gbé dùùrù oníná tirẹ̀ jáde lọ́dún 1964. Ọ̀nà tí Moog là ni àwọn tó ṣe dùùrù oníná lẹ́yìn rẹ̀ tọ̀, títí tó fi dé ṣọ́ọ̀ṣì àti òde ìnáwó wa.

Eégún ńlá ní í kẹ́yìn ìgbàlẹ̀. Lọ́dún 1991, lẹ́yìn ọdún tó lé ní 50, Theremin padà sí Amẹ́ríkà, òun àti Clara Rockmore sì tún fojú kan ara wọn. Ó kú ní Moscow ní ọjọ́ kẹta, oṣù kọkànlá, ọdún 1993, lẹ́ni ọdún 97. Ọgbọ́n kan náà ló fi kọrin, òun náà ni wọ́n mú un fi ṣamí. Ẹ̀rọ amí rẹ̀ ti di ohun àtijọ́, ṣùgbọ́n orin tó fi sáfẹ́fẹ́ kò tíì dákẹ́.