Barnum, Dókítà Tí Ó Fi Rọ́bà Lé Itọ́ Sẹ́yìn

Ẹ̀yin ará wa ní Warri tí ẹ mọ igi rọ́bà agbègbè Sàpẹ́lẹ̀, ẹ gbọ́ ìtàn Sanford Barnum, dókítà eyín ará Amẹ́ríkà tí a bí ní 1838. Láyé rẹ̀, wúrà ni wọ́n fi ń dí ihò eyín. Bí itọ́ bá kàn án, kò ní lẹ̀ mọ́ra. Ní 1864, Barnum lu ihò sára abala rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fi kọ́ eyín lọ́rùn, ojú iṣẹ́ sì gbẹ. Ó fi ọgbọ́n náà ta àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ. Ó kú ní 1885. Lóde òní, èròjà tí a ń fi ìmọ́lẹ̀ mú le a máa súnkì díẹ̀. Bí itọ́ bá ti kàn án ṣáájú, ó lè já kúrò lára eyín. Omi tí ó bá fà lẹ́yìn náà a mú un wú, ṣùgbọ́n kò lè so ohun tí ó ti já. Ìdí nìyí tí rọ́bà Barnum fi wà lẹ́nu iṣẹ́ síbẹ̀.